Fern mi ń gbẹ létí lábẹ́ òjìji: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Manchester ni mò ń gbé. Àríwá ni ẹ̀yìnkùlé wa kọjú sí, igi ará ilé kejì sì tún ṣíji bò ó. Mo gbin fern kékeré kan síbẹ̀ (ewéko tí kì í yọ òdòdó), Asplenium scolopendrium lorúkọ rẹ̀, torí pé kì í wọ́wé nígbà òtútù. Ewé rẹ̀ gùn bí ahọ́n, kò ya wẹ́wẹ́ bíi ti àwọn tó ń hù lára ọ̀pẹ nílé. Àwọn ilà tó wà lábẹ́ ewé kò dẹ́rù bà mí, ohun tó fi ń bí sí i ló wà níbẹ̀.

Ṣóńṣó ewé tó ń gbẹ ni wàhálà mi. Gbòǹgbò igi yẹn ń fa omi ilẹ̀ mu, kódà nínú òjò Manchester tí kì í dá! Ṣé kí n máa bomi rin ín lójoojúmọ́ ni, àbí kí n da ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀? Ẹnì kan ní ilẹ̀ ẹlẹ́fun ló fẹ́ràn. Ṣé kí n bu ẹfun díẹ̀ sí i? Ewé àtijọ́ ńkọ́, ṣé kí n gé e kí ewé tuntun tó ká jọ tó là? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.