Ìdérí ìgò kábéèjì kíkan ń dógùn-ún, omi iyọ̀ sì ń jò: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí la ti ń fi iyọ̀ sọ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì pẹ̀lú ata rodo di kíkan. Gíráàmù 20 iyọ̀ là ń fi sí kílò kan ẹ̀fọ́. Ó ń lo ọjọ́ 7 nínú ike ńlá kó tó wọ inú ìgò. Kíkan rẹ̀ dára. Ìgò ló ń dà wá láàmú.

Ooru kì í jẹ́ kó ṣíwọ́ kíkan. Gáàsì á kóra jọ lábẹ́ ìdérí, á ti omi iyọ̀ jáde, omi á sì ba bébà orúkọ ọjà jẹ́. Bí a bá fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè, jíjò ń dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tó bá léfòó á bu. Níbi tí ọ̀dà inú ìdérí irin bá ti bó, iyọ̀ àti omi kíkan á jẹ ẹ́. Ti oníke kì í dógùn-ún, àmọ́ kì í fún dáadáa.

A kò fẹ́ sè é: iná á pa kòkòrò àìrí tó ń ṣara lóore, ẹ̀fọ́ á sì rọ̀. Ṣé ìdérí tó ní ihò tí gáàsì ń gbà jáde ló yẹ, àbí fíríìjì kí a tó dé e pa? Kí lẹ fi ń tẹ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀ nínú omi? Ẹ jọ̀ọ́, ìgò tó máa wọ mọ́tò dé Ìbàdàn ni o.