Wáìfáì mesh ilé mi ń já lóòrèkóòrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa wáìfáì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀rọ mesh mẹ́ta, tí wọ́n jọ ń pín wáìfáì kan náà káàkiri, ló wà nílé mi. Kọ̀ǹpútà tí mo fi wáyà so mọ́ àkọ́kọ́ kì í já rárá. Àmọ́ àwọn méjì tó kù máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà: iná wọn á di pupa, á tó bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún padà fúnra wọn. Ìpàdé orí fídíò ló ń bà jẹ́ fún mi jù.

Mo ti pa wọ́n, mo tún wọn tàn; mo sún wọn mọ́ra, pàbó ló já sí. Channel 100 (ọ̀nà ìgbì kan) lórí 5 GHz ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan lára àwọn channel tí ẹ̀rọ wáìfáì gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bó bá gbúròó rédà. Ibẹ̀ ni mo fura sí.

Ṣé kí n yí i sí channel 36, tí kò sí lára àwọn ti rédà yẹn, àbí kí n kúkú fa wáyà dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì?