Ẹ gbà mí o, ẹdítọ̀ fẹ́ gba 150,000 lọ́wọ́ mi torí orúkọ ara ìgò

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Mo ya fíìmù kan n'Íbàdàn, ọjọ́ 9 gbáko, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òṣèrébìnrin kan ní òun kì í jẹ ẹ̀bà ní lokéṣọ̀n, àfi ráìsì, mo fara da gbogbo ẹ̀. Ó wá ku orúkọ tó wà lára ìgò mínírà ní síìnì 14, ó gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di Jímọ̀, ni ẹdítọ̀ bá ní 150,000. Ṣé wúrà ló fẹ́ fi bò ó ni? Ẹ bá mi wá ẹni tó máa ṣe é ní 20,000.

Ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà: Tí ìgò bá jókòó sórí tábìlì, kò le. Tẹ́ni bá gbé e mu, tọ́wọ́ ń bo orúkọ tó tún ń ṣí i, wàhálà ni. Fọ́tò 25 ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù 1, blur tí wọ́n fi ń bo orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e ni. Ẹ ò bá ti lẹ tépù mọ́ ọn ní lokéṣọ̀n.

Àbẹ̀kẹ́ Kọ́sítúùmù: Tépù náà ni mo fẹ́ sọ. Bọ̀dá kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wá síbi tá a ti ń ya síìnì ìsìnkú, sódì ni mo ní kó wọ̀ ọ́. Ojú rán ló wá ń hàn léjìká ẹ̀ 😂

Lọ́yà Kékeré: Ta ló ní kẹ́ ẹ bò ó? Nínú fíìmù Flight lọ́dún 2012, Denzel Washington mu Budweiser nídìí ọkọ̀, àwọn tó ni ọtí ní kí Paramount, iléeṣẹ́ tó gbé fíìmù náà jáde, bo orúkọ àwọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló bínú?

Ọmọ Ọlọ́jà: Lọ́yà, ọ̀rọ̀ 150,000 là ń sọ, ẹ ti gbé wa dé Amẹ́ríkà.

Ẹni tó béèrè: Àùńtí Àbẹ̀kẹ́, mo rán ọmọ kan lọ ra tépù, súyà ló rà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, òṣèrébìnrin náà gbé e mu o, ó tún ń sunkún, síìnì yẹn ló dáa jù.

Lọ́yà Kékeré: Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ bò ó?

Ẹni tó béèrè: Kò sẹ́nì kankan. Iléeṣẹ́ mínírà kan ló ṣe sípọ́ńsọ̀ wa, Jímọ̀ ni wọ́n máa wò ó. Kéréètì 10 ni wọ́n gbé wá, oòrùn mú, a mu ún tán kó tó kan síìnì 14. Ọmọ tí mo rán sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kánkán, ti ọ̀tá wọn ló rà bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà: Haa! Kí ni blur fẹ́ ṣe síyẹn? Kí ni àdéhùn wí?

Ẹni tó béèrè: Kó gbé tiwọn dání, kó mu ún, kó rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́ Kọ́sítúùmù: Ó sì ń sunkún.

Lọ́yà Kékeré: Ẹ tọ́jú 150,000 yẹn. Ẹ pe òṣèrébìnrin náà padà, kẹ́ ẹ tún síìnì yà.

Ẹni tó béèrè: Òun ni kì í jẹ ẹ̀bà yẹn. Ó ti blọ́ọ̀kì mi.