Akátá ni mo ń pè wọ́n, kí n tó dé Africatown

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ní ká sọ tiwa, nípa àwa àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, àwọn tá a ń pè ní akátá. Èmi ò ní fi tèmi pamọ́, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Atlanta. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé ti kìlọ̀ fún mi: "Má bá akátá rìn o. Ọ̀lẹ ni wọ́n, ẹkún ẹrú nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sun." Mo gbà. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa já àgbà nírọ́?

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sílé wọn ní Mobile, ní Alabama. Ibẹ̀ la ti yà sí Africatown. Mo rò pé ìnagijẹ lásán ni. Àṣé lára àwọn bí 110 èèyàn tí ọkọ̀ Clotilda kó lẹ́rú wá láti Wìdà, ní ilẹ̀ ọba Dàhọ̀mì (Bẹ̀nẹ̀ òde òní), lọ́dún 1860 ló tẹ ibẹ̀ dó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. 2019 ni wọ́n tó dá àwókù rẹ̀ mọ̀ nínú odò.

Ère Cudjo Lewis, ọ̀kan lára àwọn tí ọkọ̀ yẹn kó wá, wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí fáráńdà rẹ̀ sọ fún mi pé Kossola ni Cudjo ń jẹ́ nílé kó tó di Cudjo. Mo pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, bí ìyá mi ṣe máa pè é. Ara mi bù máṣọ.

Mama ní nígbà tí òmìnira dé, Kossola lọ bá Timothy Meaher tó ní kí wọ́n kó wọn wá, pé kó fún àwọn nílẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ni ọkùnrin bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, obìnrin ń ta ẹ̀fọ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tí mo ń pè lọ́lẹ!

Ó bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Ìsẹ́yìn. Ó di ọwọ́ mi mú: "Ta ló tà wá, ọmọ mi?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé Dàhọ̀mì ni. Mo wá rántí pé lọ́dún 1860 yẹn gan-an, ogun Ìjàyè ń jó lọ́dọ̀ tiwa, a sì ń kó ara wa lẹ́rú. Mo dákẹ́. Ó ní kí wọ́n bu tíì tútù fún mi. Ó dùn ju oyin lọ.

* * *

Àǹtí, ẹ ṣeun. Maryland ni mo wà, tèmi ò gùn. Ọlọ́pàá dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, mọ́tò kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo sáré ní ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo na káàdì ibi iṣẹ́ mi sí i, bí ẹni ń sọ pé n kì í ṣe ara àwọn yẹn. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé sítíárìn.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, wà lẹ́yìn. Nígbà tá a délé, ó ní: "Dádì, ibí ni wọ́n bí èmi sí. Tí wọ́n bá dá mi dúró, kí ni kí n sọ?"

Mi ò tíì dá a lóhùn.