Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bọ́ọ̀lù tí mo ṣe ń léfòó, kò já bọ́

Olùfẹ́-Àwòrán

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ń fúnra mi kọ́ ánímẹ́ṣọ̀n ni, ìyẹn mímú kí àwòrán máa rìn, kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe é, ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló ń sọ pé orí bọ́ọ̀lù tó ń ta ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, mo gbà, orí ẹ̀ náà ni mo sì wà.

Ibi tó ti dojú rú fún mi rèé: bọ́ọ̀lù mi ò wúwo. Ó ń léfòó sọ̀kalẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Tó bá dé ilẹ̀, á rọra fara kàn án, á tún rọra gbéra. Bí mo ṣe ṣe é ni pé mo fi keyframe kan (àmì tó ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà ní àkókò kan) sí òkè, ní ìwọ̀n gíga àyà èèyàn, mo fi òmíràn sí ilẹ̀, mo tún fi ọ̀kan sí òkè, kọ̀ǹpútà wá fi tirẹ̀ dí àárín wọn. Férémù 24 (ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń hàn lójú) ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, férémù 24 náà ni mo sì fún un láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, mo ti fi òjìji sí i, kò yàtọ̀.

Ìkejì ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Tí mo bá fi iṣẹ́ han àwọn tá a jọ ń kọ́ ọ, ohun tí mo máa ń gbọ́ kò ju "ó dáa gan-an" tàbí "ẹ tún un ṣe" lọ. Inú mi ń dùn sí ti àkọ́kọ́, ti èkejì náà ò bí mi nínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè dì mú nínú méjèèjì nígbà tí mo bá padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni táwọn ẹlòmíì bá fi tiwọn hàn mí. Mo máa ń rí i pé nǹkan kan ò tọ́, mi ò kàn mọ bí màá ṣe sọ ọ́ tó fi máa wúlò fún wọn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é láàárín ara yín? Àbí kí n tiẹ̀ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí n bọ́ sórí èèyàn tó ń rìn?

Férémù24

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan méjì ló pàdé níbẹ̀: iye férémù tí ẹ fún un, àti bí ìrìn náà ṣe pín sínú àwọn férémù yẹn. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú iye férémù. Gíga àyà èèyàn ò ju nǹkan bíi mítà 1.2 lọ. Ohun tó bá já bọ́ láti ibẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló máa fi dé ilẹ̀, ìyẹn férémù 12. Ẹ̀yin fún un ní 24. Nínú férémù 24, ohun tó ń já bọ́ yóò ti rin nǹkan bíi mítà 5. Orí òṣùpá, níbi tí agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ ti jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé, ni bọ́ọ̀lù ti lè pẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó já bọ́ láti gíga àyà. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n láti kékeré lojú ẹ̀ ti ń rí nǹkan tó ń já bọ́. Ó máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ìpín. Tí ẹ bá fi keyframe méjì sílẹ̀ fún Blender láìfọwọ́ kàn án, ó máa ń rọra gbéra kúrò lórí ọ̀kan, á sì rọra dúró sórí èkejì. Lókè, ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Nílẹ̀, òdìkejì ohun tá a fẹ́ ni, torí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ kanlẹ̀ gan-an leré rẹ̀ máa ń le jù. Ẹ ṣí Graph Editor, ibi tí Blender ti ń fi ìlà ya ìrìn náà, ẹ mú ìlà Z Location (ti lílọ sókè àti sísọ̀kalẹ̀) nìkan, ẹ yan keyframe tó wà nílẹ̀, ẹ tẹ V, ẹ mú Vector. Ìlà náà máa ṣẹ́ ṣóńṣó níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa apá méjèèjì tó yọ lára keyframe náà títí ìlà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró bó ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀. Ẹ fi tòkè sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ roboto.

Ìka-lórí-Fóònù

Ìka lèmi fi ń yà á, nínú FlipaClip, ètò ánímẹ́ṣọ̀n orí fóònù, kò sí Graph Editor kankan níbẹ̀. Fún ẹni tó bá wà ní ipò tèmi: tí àwòrán kan bá ń dúró fún férémù méjì, férémù 12 yẹn di àwòrán 6. Ẹ pín gíga náà sọ́nà 36 ọgbọọgba. Kí bọ́ọ̀lù sọ̀kalẹ̀ ní ìpín 1 nínú àwòrán àkọ́kọ́, ìpín 3 nínú èkejì, lẹ́yìn náà 5, 7, 9, 11. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 36 ló máa fún yín. Galileo ló rí i pé báyìí ni nǹkan ṣe ń já bọ́, nígbà tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí pákó tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá wá ń gòkè, ẹ yí i padà, kí 11 ṣáájú.

Ẹ tan onion skin, tó ń jẹ́ kí àwọn àwòrán tó ṣáájú hàn fírífírí, sílẹ̀ kí ẹ lè rí gbogbo àlàfo náà lẹ́ẹ̀kan. Lókè, àwọn bọ́ọ̀lù á gun ara wọn. Nísàlẹ̀, wọ́n á jìnnà síra. Tí àlàfo bá ṣe déédéé láti òkè dé ilẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn ò já bọ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Olùfẹ́-Àwòrán

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ìṣirò orí òṣùpá yẹn là mí lójú. Ṣé kí n tẹ bọ́ọ̀lù náà pẹrẹsẹ nígbà tó bá kanlẹ̀, kó lè hàn pé ó wúwo?

Àgbà-Ayàwòrán

Àbúrò, kò tíì yá. Nínú ìlànà 12 tí àwọn ayàwòrán Disney méjì, Frank Thomas àti Ollie Johnston, tẹ̀ jáde ní 1981, títẹ̀ àti nínà ló ṣáájú, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi máa ń sáré lọ bá a. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí àkókò àti àlàfo ò bá tíì tọ́, bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ máa rí bí ohun tó rọ̀, kò ní rí bí ohun tó wúwo. Bọ́ọ̀lù irin kì í tẹ̀ rárá, síbẹ̀ òun ló wúwo jù. Kọ́kọ́ ṣe bọ́ọ̀lù líle tí kò tẹ̀ níbì kankan, kí ẹni tó wò ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìrìn nìkan.

Nígbà tó bá wá yá, rántí pé ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù kì í dín, kì í lé. Bó bá tẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá gùn, ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Férémù tó bá fara kan ilẹ̀ nìkan ni kó tẹ̀. Mo máa ń rí iṣẹ́ níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń tẹ̀ nígbà tó ṣì wà lókè, bíi pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ ń bọ̀. Férémù tó ṣáájú kíkanlẹ̀, gígùn ló yẹ kó gùn síbi tó ń lọ.

Ojú-Inú

Ọ̀rọ̀ èsì yẹn ni mo fẹ́ dá sí, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń há sí. Ohun tẹ́ ẹ bá béèrè ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Tẹ́ ẹ bá gbé fídíò sílẹ̀ tẹ́ ẹ ní "ẹ wo iṣẹ́ mi", ìkíni lẹ béèrè, ìkíni ni wọ́n á fún yín, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní "bọ́ọ̀lù rọ́bà ni mo fẹ́ kó jọ, ṣé ó wúwo jù nígbà tó ta lẹ́ẹ̀kejì?", ẹni tó ń wò ó ti mọ ibi tó yẹ kó fojú sí.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà férémù hàn lójú fídíò. Ní Blender, ẹ lọ sí Output Properties, ẹ wá Metadata, ẹ fàmì sí Burn Into Image, kí Frame wà lára ohun tẹ́ ẹ yàn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Dípò "ìsàlẹ̀ yẹn ò rí bó ṣe yẹ", èèyàn lè kọ ọ́ báyìí: "Férémù 12 sí 14, bọ́ọ̀lù jókòó sílẹ̀ fún férémù mẹ́ta, ó dà bíi pé ó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan." Ẹni tó ni iṣẹ́ á ṣí i, á lọ sí 12, á yọ méjì kúrò. Ó parí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fún ẹlòmíì lésì, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú yín rí, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé kó ṣe. "Mo rí bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́" yàtọ̀ sí "ẹ dín férémù kù". Bóyá bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́ ló fẹ́ ṣe; nígbà náà ìmọ̀ràn yín máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ mú ohun kan, ó pọ̀ jù méjì. Ẹni tí wọ́n to àṣìṣe mẹ́wàá fún kì í mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dì mú, ó lè má padà sí iṣẹ́ náà mọ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí irú ẹ̀. Ẹ má sì yàwòrán lé iṣẹ́ ẹlòmíì lórí láìgbàyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbé iṣẹ́ jáde nígbà tó ṣì wà ní gbágungbàgun. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú lórí ìlà kan ti tó. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti òjìji sí i tán, kò ní wù yín láti yí férémù kankan padà mọ́, àwọn tó ń wò ó náà á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀.

Mo tún máa ń wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ánímẹ́ṣọ̀n. Màá fi bọ́ọ̀lù hàn án, màá bi í pé "kí ni wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù yìí?" Tó bá ní irin, tó sì jẹ́ pé irin ni mo fẹ́, mo mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀. Mi ò tíì rí ìdánwò tó dára tó ìyẹn.

Ìka-lórí-Fóònù

Mo fọwọ́ sí ti gbígbé e jáde ní gbágungbàgun. Ní ti èèyàn tó ń rìn tẹ́ ẹ béèrè, èmi ò ní ní kẹ́ ẹ dúró pẹ́. Ẹsẹ̀ kan férémù 12, ipò mẹ́rin pàtàkì: ẹsẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀, ara rẹlẹ̀ lé e lórí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara ga sókè. Ohun tí bọ́ọ̀lù ń kọ́ yín náà ló wà níbẹ̀.

Àgbà-Ayàwòrán

Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí, ọwọ́, ìbàdí àti orúnkún náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tó ń kọ́ ọ ò ní mọ èyí tó fà á. Èmi yóò ní kó ṣe bọ́ọ̀lù irin àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wá ṣe bọ́ọ̀lù tó nírù, kí ìrù náà máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ara. Lẹ́yìn náà, àpò ìyẹ̀fun tó kún dé ìdajì, kó fò, kó ṣubú, kó bínú. Àpò ò lójú, kò lẹ́nu, nítorí náà ìdúró rẹ̀ nìkan ló lè fi sọ ohun tó ń rò. Ẹni tó bá lè mú àpò bínú, ìrìn èèyàn ò ní pá a láyà.

Olùfẹ́-Àwòrán

Ti ẹ̀gbọ́n ni màá kọ́kọ́ tẹ̀ lé, màá sì fi ìrìn sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wo èyí tí mo tún ṣe. Bọ́ọ̀lù rọ́bà líle ni mo fẹ́ kó jọ, férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà férémù wà lókè. Ó gbéra ní 0, ó kanlẹ̀ ní 12, 29, 41, 53 àti 65, ó sì ń ta padà sí ìdajì gíga tó ti wá nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìjábọ́ àkọ́kọ́ ti wúwo báyìí, mo rí i fúnra mi, inú mi dùn. Ìbéèrè mi kan: láti férémù 41 lọ, kí ló dé tó fi dà bíi pé ẹnì kan ń gbá a nílẹ̀, tí kò fẹ́ kó dúró?

Férémù24

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an, mo wò ó léraléra. Láti 0 dé 41 dára púpọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Láti 29 sí 41, férémù 12 ni. Láti 41 sí 53, 12 náà ni, bẹ́ẹ̀ gíga ti já sí ìdajì. Gíga ń dín, àkókò ò dín, ìdí nìyẹn tó fi ń jọ pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Tí gíga bá di ìdajì, àkókò máa di nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Tí gíga bá di ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò di ìdajì. Ẹ̀yin náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí 17 ló wà láàárín 12 àti 29, 12 ló sì tẹ̀ lé e. Kí èyí tó kàn jẹ́ nǹkan bí 9, kó kanlẹ̀ ní 50. Lẹ́yìn ìyẹn 6, kó kanlẹ̀ ní 56. Lẹ́yìn ìyẹn 4, kó kanlẹ̀ ní 60. Àwọn tó bá kù kéré débi pé ẹ lè jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ilẹ̀.

Nígbà tó bá ń yí, ẹ ṣọ́ bó ṣe ń yípo. Bọ́ọ̀lù tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó gbọ́dọ̀ rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Bó bá rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yọ̀ nìyẹn. Bó bá rìn kéré sí i, ó ń yí lójú kan. Ẹ fa ìlà kan sí ara bọ́ọ̀lù kí ẹ lè rí i. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ tún un gbé wá. Férémù 50 yẹn ni màá kọ́kọ́ wò.