"Àpòpọ̀" kò lè dúró fún iṣẹ́ yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè kẹ́mísírì, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á pe àwọn ìwé tí onímọ̀ kẹ́mísírì kábọ́nù ń yẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní "ìwé ìtọ́kasí ìdáhùn àpòpọ̀". "Ìwé ìtọ́kasí" tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ méjì tó kù ni mi ò lè gbà: "àpòpọ̀" fún synthesis, ìyẹn fífi àwọn ohun kan dá ohun tuntun, àti "ìdáhùn" fún reaction, ìyẹn bí ohun kan ṣe ń yí padà di òmíràn.

Bí mo bá po iyọ̀ mọ́ iyanrìn, àpòpọ̀ nìyẹn. Mo lè bu omi sí i, kí n sẹ́ ẹ, kí n gbé omi náà kaná títí yóò fi gbẹ; iyọ̀ mi á padà wá, iyanrìn mi á wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi salicylic acid àti acetic anhydride ṣe aspirin kò lè sẹ́ ẹ kó tún rí ohun tó kọ́kọ́ fi sí i. Ìsopọ̀ kan já, òmíràn so, ohun tuntun sì dé. Ohun tí à ń wá orúkọ fún gan-an nìyẹn.

Àwọn kan ní "àtọwọ́dá". Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ etí wa ti ń gbọ́ ayédèrú nínú rẹ̀. Ní 1828, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, Friedrich Wöhler, ṣe urea ní yàrá ìwádìí, kò sì yàtọ̀ rárá sí èyí tó wà nínú ìtọ̀. Ayédèrú wo ló wà níbẹ̀? "Ìsodá" ni mo mú wá: kí á so nǹkan pọ̀ fi dá òmíràn. "Ìsopọ̀" tí a ń lò fún ohun tó de átọ́mù mọ́ra hàn nínú rẹ̀ kedere.

"Ìdáhùn" ńkọ́? Ìbéèrè ló ń bí ìdáhùn, kò sì sí ẹni tó bèèrè nǹkan nínú ìgò. Ẹ jẹ́ ká lo "ìparadà".

Ẹ wá fi ìwé gidi dán an wò. Organic Syntheses ti ń jáde láti 1921. Á sọ bí ìgò ṣe tóbi tó, iye gíráàmù, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ gbóná mọ, pé kí a máa kán ọ̀kan sínú èkejì díẹ̀díẹ̀ kí a sì máa rò ó. Kí wọ́n tó tẹ ìlànà kan, wọ́n á tún un ṣe ní yàrá ìwádìí ọ̀kan nínú àwọn olóòtú; bí kò bá jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò ní jáde bẹ́ẹ̀. "Ìwé ìlànà ìsodá" bá a mu wẹ́kú. Organic Reactions, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1942, yàtọ̀: orí kọ̀ọ̀kan gbájú mọ́ irú ìparadà kan, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. "Ìwé ìparadà" nìyẹn. Ìwé ti Beilstein, onímọ̀ kẹ́mísírì, tó kọ́kọ́ jáde lédè Jámánì ní 1881, àwọn èròjà kẹ́míkà fúnra wọn ló ń tò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà ẹ má pè é ní ìwé ìparadà.

Ó ku ọ̀kan. Àbúrò wa kan pe iye tó jáde nínú iye tó yẹ kó jáde (yield) ní "èrè". Èrè ń mú owó wá sọ́kàn. "Ìkórè" ni mo fara mọ́: ìkórè ìdá 80 nínú 100. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, mo fẹ́ gbọ́ ọ.