Ọ̀nà wo ni kí n gbé Rey gbà báyìí?

Akọ̀wé Òru: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ń kọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, láti ibi tí Star Wars, fíìmù ogun ojú òfúrufú, ti ọdún 2019 parí sí. Ẹ rántí: Rey, akọni obìnrin inú rẹ̀, fi aṣọ di idà ìmọ́lẹ̀ Luke Skywalker àti ti Leia, àwọn ìbejì tó kọ́ ọ níṣẹ́, pọ̀, ó jẹ́ kí yanrìn Tatooine, ayé tí Luke dàgbà sí, gbé e mì, ó wá yọ tirẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Ìyá arúgbó kan bi í pé Rey wo, ó ní Rey Skywalker. Ó parí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi há sí. Ṣé kó dá ilé-ẹ̀kọ́ Jedi, àwọn jagunjagun tó ń lo agbára àràmàǹdà tí wọ́n ń pè ní Agbára, sílẹ̀ ni, àbí kó máa dá rìn kiri, àbí kí ẹ̀jẹ̀ Palpatine, bàbá-bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olú-ọba ìkà, gbé e lọ? Ẹ má ní kí n wá ọkọ fún un o, àbúrò mi ti sọ ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ilé-ẹ̀kọ́ wo? Ti Luke ńkọ́, ṣebí ó jóná ráúráú ni? Àwọn Jedi àtijọ́ á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré, wọ́n á ní kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹnikẹ́ni. Òfin yẹn ló sọ ìgbéyàwó Anakin àti Padmé, àwọn òbí Luke, di ti bòókẹ́lẹ́, gbogbo wa la sì rí ibi tó já sí: Anakin di ẹni ibi. Rey tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Jakku, ayé aṣálẹ̀ kan, tó ń fi irin ha ìlà sára ògiri ọkọ̀ ogun àfọ́kù tó fi ṣe ilé, tó ń ka ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ á dé, òun ló máa wá gba ọmọ ọlọ́mọ? Tó bá máa kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn òbí máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Peckham: Finn dà, ọmọ ogun tó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá tó sì di ọ̀rẹ́ Rey? John Boyega tó ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1992, ojú rẹ̀ la kọ́kọ́ rí nínú ìpolówó fíìmù ti 2014, tó ń làágùn nínú aṣálẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2019, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa pariwo "Rey!" kiri lọ. Inú ń bí mi di òní. Agbára náà wà lára Finn, ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tí Rey kú, kó tó jí padà. Fi òun ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Kó wá lọ kó àwọn bíi Jannah wá, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jí gbé ní kékeré tí wọ́n sì sá.

Bàbá Àgbà: Orúkọ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn ní tèmi. Ọmọ ọmọ Palpatine lọ mú orúkọ ilé onílé. Lóòótọ́, ìdílé Skywalker ti tán, kò sẹ́ni tó máa bá a fà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin bàbá-bàbá rẹ̀ ní Exegol, ibùba rẹ̀, ṣé gbogbo wọn ló kú? Jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dé, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó máa pè é ní olúwa mi. Kí ni Rey máa sọ fún àwọn ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Akọ̀wé Òru: Haa, bàbá! Ẹ ṣeun, sà. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Mushin: Mọ̀ pé ní April 2023 wọ́n kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé Daisy Ridley tó ṣe Rey máa padà wá nínú fíìmù tuntun, Sharmeen Obaid-Chinoy ni olùdarí, nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn ti 2019, Rey ń tún ẹgbẹ́ Jedi kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ làwọn náà ń lọ. Ti àwọn òbí yẹn ni kó o dì mú, ìyẹn ló máa yà ẹ́ sọ́tọ̀.

Akọ̀wé Òru: Mo gbọ́. Ibo wá ni kí ilé-ẹ̀kọ́ wà? Mo ń ro erékùṣù tí Luke sá pamọ́ sí ní ayé Ahch-To.

Ìyá Ìbejì: Skellig Michael ní Ireland ni wọ́n ti yà á, àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ lé ní 600. Tọ́jọ́ ìbẹ̀wò bá dé, ta ló máa ru kúlà oúnjẹ gùn ún?